Ohun Tí Mo Sọ Sínú Rédíò ní Adágún Eérú

Yàrá Kẹrìndínlógún,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Reykjavík.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ketill,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà, kí ọwọ́ yín tí okùn àwọ̀n gé ní oṣù kejìlá ti jinná, kí òkun sì máa dá yín padà bó ṣe gbà yín. Èmi náà wà láàyè, ara mi le, bí a bá yọ ti oorun tí kì í wá mọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti fà á ya. Èyí tó dé ọwọ́ yín yìí kò dára ju àwọn yòókù lọ. Bébà ló kàn ń tán lọ.

Ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Mo yege nínú ìdánwò mẹ́ta, mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò, mo tún un ṣe, mo sì rí máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá, èyí tó kéré jù tí wọ́n fi ń yege. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí mo mọ̀, mo máa ń dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ dáhùn, kí n tó gbà pé mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Bàbá ní bí wọ́n bá ju mí sínú iná, màá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí bóyá ó gbóná.

Nínú iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi, ẹ ní Steinar sọ fún yín pé mo dójú ti Bàbá lórí rédíò kí gbogbo abúlé máa gbọ́, ẹ sì ní kí n pè yín kí n fẹnu ara mi sọ bó ṣe rí. Ẹ má bínú pé n kò pè. Ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi lórí fóònù. Bí ẹ bá dákẹ́ díẹ̀ báyìí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, màá sì parọ́ kí inú yín lè rọ̀. Lórí bébà n kò ní gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yín. Ohun tí Steinar sọ kì í ṣe irọ́. Kò kàn mọ gbogbo rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kejì ni Bàbá pè mí. Wọn kì í pè mí tẹ́lẹ̀. Wọn kò kí mi, wọn kò béèrè ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí n wọ bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ẹtì wá sílé, pé èmi ni màá jókòó ti àwọn nínú ìrìnàjò oṣù Góa, oṣù ìparí òtútù àwọn ará àtijọ́. Ẹ ò ní tíì gbàgbé ìrìnàjò náà, bí ẹgbẹ́ adóòlà abúlé wa ṣe máa ń fi jíìpù la yìnyín orí òkè kọjá kí ìgbà òtútù tó parí, láti kó gáàsì, oúnjẹ àti aṣọ ìbora lọ sí ahéré tó wà lẹ́yìn òkè, fún ẹnikẹ́ni tí ìjì bá ká mọ́ ọ̀nà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ń ṣáájú. Láti kékeré ni mo ti ń wo jíìpù wọn tó ń lọ, n kò sì jókòó nínú rẹ̀ rí lọ́jọ́ Góa. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé yàrá, mo sì tún sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé n kò tíì sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, wọ́n bu kọfí fún mi, wọ́n sì dà á sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo rò pé wọ́n ti mutí. Mo mú aṣọ, mo nù ún. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Dókítà kan ní Akureyri ti sọ fún wọn láti ìgbà ìwọ́wé pé àárín ojú wọn méjèèjì ti kú, etí rẹ̀ nìkan ló kù, kò sì sí oògùn rẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Bí mo bá wò ọ́, mo ń rí etí rẹ méjèèjì, n kò rí imú rẹ. N kò sì lè sọ pé mo pàdánù nǹkan kan."

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún Steinar kó wá ṣe ojú fún wọn, nítorí òun ló ti jókòó ti wọn jù kó tó ra jíìpù tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kọ ìdáhùn wọn síhìn-ín bó ṣe jáde. "Steinar ní ojú, ó sì ní ẹnu. Ìwọ ní ojú. Bí o bá tiẹ̀ lọ sọ ọ́ fún gbogbo ayé, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?" Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ irú epo tí ọkọ̀ ń mu ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn. A kì í dìbò yan ẹni iwájú ní abúlé wa, a kì í sì í fi oyè dá a lọ́lá. Ẹni tó bá wà níwájú ṣáà ni ẹni tí àwọn ènìyàn ń sún láyè fún nídìí kọfí ní ilé epo. Ẹni tó bá sì bọ́ síbẹ̀ kì í padà. Bàbá ló gbà á lọ́wọ́ Hjalti àgbà. Ọjọ́ tí Hjalti sọnù nínú ìkùukùu, Bàbá bi í lórí rédíò tí àwọn ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ bóyá kí a ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó wá fà á lọ́wọ́, gbogbo ilé tó ní rédíò sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ẹran àgùntàn ni Hjalti máa ń wà bí àwọn yòókù bá gòkè, títí ó fi kú. Bàbá ti sọ fún mi pé kàkà kí àwọn máa se ọbẹ̀, ó sàn kí àwọn sùn sórí òkè.

Jíìpù mẹ́ta la kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bàbá àti èmi wà níwájú. Steinar nìkan ló wà nínú èkejì. Birna àti ọkọ rẹ̀ Kolbeinn wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù gbogbo, nítorí jíìpù tiwọn ló tóbi jù. A dúró ní ọgbà àgùntàn, níbi tí ọ̀nà tí ìjọba ń ro yìnyín rẹ̀ parí sí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kó lè tẹ́ sórí yìnyín. Steinar àti Kolbeinn ń wo irin tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Bàbá kò wo nǹkan kan. Wọ́n tẹ etí wọn sílẹ̀, wọ́n gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sú, wọ́n fi bàtà gbá táyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ bí ikùn ajá tó ń sùn. Kolbeinn mi orí, ó ní irú èyí kò tún ní sí mọ́ tí bàbá mi Ormur bá kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé wọn kò lè ka nọ́ńbà tó wà lójú irin náà.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní parọ́ fún yín, kò sí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ń ka ọ̀pá aláwọ̀ ìyeyè tó wà létí ọ̀nà fún wọn, mo ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yí, ibi tí òkúta ti yọrí. Wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà nítòsí òkú, kí ohùn mi má bàa wọ inú rédíò. Ìyókù, ara wọn ló ń ṣe é. Níbi tí yìnyín ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n á sọ ọkọ̀ lù ú títí yóò fi kọ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn lórí ipa ara wọn, wọ́n á tún sọ ọ́ lù ú, wọn kò ní jẹ́ kí táyà yí lásán kó gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀. Wọ́n ní ìdí ni ènìyàn fi ń wa ọkọ̀ nínú yìnyín, pé ìjókòó ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ní orí òkè kejì, wọ́n ní, "Kò burú." Èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo yí ojú sí fèrèsé.

Ohun tó bà á jẹ́ kò ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé bí a bá dé Adágún Eérú, a ó gba èjìká òkè yí i po, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí kan àbọ̀ ni yóò gbà wá. Òjò ti rọ̀ sórí yìnyín ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí òtútù tó padà dé, kí yìnyín tuntun sì tó bò ó. Ẹ mọ ohun tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Yóò sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sábẹ́ yìnyín, kò ní dì, kò ní ṣàn, yóò kàn máa dúró de ẹni. Òkè rẹ̀ á funfun bí ibi gbogbo, àfi àwọ̀ búlúù díẹ̀ tó máa ń wà lára rẹ̀, bí omi tí a fi ṣan abọ́ mílíìkì. Ojú nìkan ló ń mọ̀ ọ́n. Bàbá mọ̀ pé àwọn kò ní lè mọ̀ ọ́n, èyí ló jẹ́ kí wọ́n yan èjìká òkè. Ọgbọ́n wọn kò tíì lọ nígbà yẹn.

A ti ń rọra yà sí apá òkè nígbà tí ohùn Steinar wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ormur, ìrìn ìyàwó lẹ ń rìn láti àárọ̀. Ṣé kí n bọ́ síwájú, kí ẹ wá máa bá wa gbé ìdí aṣọ?" Birna rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tó ń gbọ́ wa láti ilé epo náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Bàbá dúró lórí ìdarí ọkọ̀. Wọ́n mú rédíò, wọ́n ní, "Steinar, ìgbà tí o ṣì ń tọ̀ sórí ibùsùn ni mo ti ń kọjá níbí. Tẹ̀lé mi, má sì fọwọ́ kan ohunkóhun." Wọ́n wá yí imú ọkọ̀ sí àárín adágún. Ìlà tí a gbà kọjá ní èṣín ṣì wà lójú ẹ̀rọ atọ́nà. Wọ́n ní kí n máa ka ìlà yẹn fún àwọn, kí n má ka nǹkan mìíràn.

Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Níwájú wa, lápá òsì, yìnyín ní àwọ̀ búlúù.

Mo ní, "Bàbá, ó ti di búlúù níwájú."

"Níbo?"

"Lápá òsì. Bóyá... ó lè jẹ́ oòrùn."

"Ṣé búlúù ni àbí bóyá ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì dá mi lójú mọ́. Mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti pariwo ìjì tó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn gbà pé mo mọ̀ nìyẹn. Wọ́n tẹ iná mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé ilẹ̀ le, kí wọ́n máa bọ̀.

Ìró táyà yí padà lábẹ́ wa. Ó ti ń ké gbẹ tẹ́lẹ̀; ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa fúyẹ́, a sì kọjá. Steinar náà kọjá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n mú rédíò, wọ́n ní, "Ọmọ mi rí búlúù o. Tó bá di ìgbà mìíràn, yóò rí pupa." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn la ti gbọ́ ohùn Birna, ọ̀rọ̀ kan péré, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí nǹkan tó ti ń wá. Ó ní, "Omi."

Ìdí ọkọ̀ wọn ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, nítorí ẹrù. Kolbeinn gba fèrèsé jáde, ó dùbúlẹ̀ sórí ọkọ̀. Birna kò lè jáde. Ìgò gáàsì ńlá kan ti yí wá láti ẹ̀yìn, ó há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara ìjókòó, omi yìnyín sì ti dé àyà rẹ̀. Birna yìí náà, tó kọ́ èmi àti ẹ̀yin ní odò wíwẹ̀. Steinar sáré padà pẹ̀lú okùn rẹ̀, okùn náà kò tó. Ẹ̀rọ tó ń fa okùn níwájú ọkọ̀ Bàbá nìkan ni okùn irin rẹ̀ lè dé ibẹ̀, nítorí náà Bàbá yí ọkọ̀ padà, wọ́n sì dorí kọ ihò náà lórí ipa tí a ti gbà wá.

Steinar kúnlẹ̀ sórí ipa náà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń ti okùn rẹ̀ síwájú lórí yìnyín. A ń lọ tààrà bá a. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn rí i. Wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé tí wọ́n bá ń wá ife, mo sì mọ̀ pé wọn kò rí i. Mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́, obìnrin ń kú lọ." Ìgbà yẹn ni mo tẹ rédíò kékeré tó wà láyà mi. Mo ní, "Bàbá mi kò ríran mọ́. Ojú wọn ti lọ. Ẹ má ṣe gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu."

Bàbá tẹ bíréèkì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí a dé ọ̀dọ̀ Steinar. Wọ́n mú rédíò tiwọn, ohùn wọn balẹ̀ ju tèmi lọ, wọ́n ní ẹ̀rù ti yí ọmọ náà lórí, kí a máa ṣe iṣẹ́ wa. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbà mí gbọ́. Steinar kò tiẹ̀ wẹ̀yìn, ó tẹ rédíò tó wà láyà tirẹ̀. Ó ní, "Una, fi rédíò sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀, ẹ sún mọ́ ihò." Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo tún tẹ bọ́tìnnì. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kò gbọ̀n. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Steinar, ẹ dìde, ẹ wò wá." Ó dìde, ó yíjú sí wa. Mo wá yí sí Bàbá, n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo ní, "Bàbá, ìka mélòó ni Steinar nà sókè?"

Ọkọ̀ dúró. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, nílé epo àti nínú ilé gbogbo ló ń gbọ́ wa. Bàbá gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Mo rí i bí ètè wọn ṣe ń gbìyànjú nọ́ńbà kan kó tó mú òmíràn.

Wọ́n ní, "Mẹ́ta."

Steinar fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú. Kò na ìka kankan.

Ó ju okùn náà sílẹ̀, ó rìn wá, ó ṣí ilẹ̀kùn Bàbá, ó ní, "Ẹ sún, ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn rẹ̀ rọ̀. Bàbá ìbá fara da èébú, ẹ mọ̀ wọ́n. Èmi bọ́ sílẹ̀, wọ́n sún sí àyè mi, Steinar sì wa ọkọ̀ náà dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Mo fi àyà fà lórí yìnyín, mo mú ẹnu okùn irin lọ fún Kolbeinn. Nígbà tí mo sún mọ́ Birna, ó wò mí, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ní, "Má sunkún sórí okùn náà, yóò dì." Ogún ìṣẹ́jú ó dín díẹ̀ ló gbà wá láti fà á jáde. Ọkọ̀ òfuurufú wá gbé e lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wà láàyè. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta.

Steinar ló ṣáájú nígbà tí a ń padà, Kolbeinn sì bá Birna lọ, nítorí náà èmi ni mo wa ọkọ̀ Bàbá. N kò wakọ̀ nínú yìnyín tó jìn bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ibi tí mo ti ṣì í, ara Bàbá ń fò lórí ìjókòó kí ọkọ̀ tó fò, wọn kò sì kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó kù díẹ̀ kí a dé ọgbà àgùntàn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "O gbádùn ún."

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló fà á tí mo fi fa lẹ́tà mẹ́ta ya. Gbogbo ènìyàn ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Birna ní kí wọ́n kọ ọ́ sí mi pé mo gba ẹ̀mí òun là. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi dé ibẹ̀. Mo lè yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ìbá kú, Steinar ìbá wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi àti Bàbá ìbá sì sọ èyí tó kù fún un láàárín àwa mẹ́ta. Mo rí kọ́kọ́rọ́ náà. Mo wò ó kí n tó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ohun tí mo rí dá mi lójú. Mo mọ̀ pé wọn kò ní lè dáhùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Nílé ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá sàn bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún wọn ní àga tó sún mọ́ iná jù, ẹnìkan gé ẹran wọn wẹ́wẹ́ bí ti ọmọdé, Steinar sì mú ṣíbí, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Bàbá jẹ ọbẹ̀ náà tán. Ìjọba ti gba ìwé ìwakọ̀ wọn. Mo sọ fún wọn pé màá fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ wá máa tọ́jú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó tà mí ni kó wá máa bu kọfí fún mi?" Wọ́n ní kí n padà síbi tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn.

Ẹ ó máa rò pé mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ lọ sílé. Wọ́n nílò ẹnìkan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ṣe sí yín lọ́jọ́ tí ẹ gbé àpò yín kúrò nílé. Bí ẹ kò bá lọ, n kò ní bá yín wí. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ nítorí kí ẹ lè rí wọn nínú ipò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹnìkan tó gbádùn rẹ̀ nínú wa ti tó.

Kí Ọlọ́run pa ọkọ̀ yín mọ́ lórí omi, kí ẹja pọ̀ nínú àwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò lè dáhùn lójú ayé. Kí a tún rí ara wa nínú ilé tó gbóná.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kànlá,

Una.

Mo tún rántí: Steinar pè mí lánàá. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun ni yóò ṣáájú, pé gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́ kí èmi jókòó ti òun kí n máa ka yìnyín sínú rédíò fún àwọn tó wà lẹ́yìn, torí pé mo lójú. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ní mo gbà. N kò tíì sọ fún Bàbá. Ọ̀dọ̀ rédíò ni wọ́n máa ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ibẹ̀ ni wọ́n ó ti gbọ́ ohùn mi.